Níbi Àríyànjiyàn Ni Gẹ̀ẹ́sì Ti Ń Wọlé: Bọ́ọ̀lù, Èdè àti Àwọn Ọ̀dọ́ Ọ̀fàdà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, níwájú àwọn olùkọ́, òbí àti ọ̀dọ́ ìlú Ọ̀fàdà, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn

Sátidé la wà yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń yọ́jú wo aago nítorí bọ́ọ̀lù ọ̀sán. Ẹ fọkàn balẹ̀. N kò ní pẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọ̀hún gan-an ni mo sì bá wá.

Ẹ̀sùn tí àwọn òbí máa ń fi kan bọ́ọ̀lù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kì í jẹ́ kí ọmọ kàwé. Wọ́n ní ọmọ tó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea kò mọ orúkọ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ òótọ́ mìíràn tún wà tí a kì í sọ: ọmọ kan náà tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé etí rẹ̀ di, ẹ bi í pé kí ló dé tí rẹfirí fi fagi lé góòlù àná, ẹ ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀. Ó lè má gún régé, ṣùgbọ́n yóò yé yín.

Ta ló kọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní tẹlifíṣọ̀n ni. Èrò tèmi yàtọ̀. Àríyànjiyàn tó ń lọ lórí bẹ́ǹṣì, ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n bá ti sọ tirẹ̀ tán, òun ló kọ́ ọmọ náà. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Tí ẹ bá bá mi gbà á, ẹ ó rí i pé ó kan bí a ṣe ń kọ́ ọmọ níwèé ní ìlú yìí.

Bí bọ́ọ̀lù àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe jọ dé

Láyé ìjọba òyìnbó, ibi tí ìwé bá wà ni bọ́ọ̀lù máa ń wà. Àwọn tó ń gbá a nígbà náà, ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ nínú wọn, àti akọ̀wé ìjọba, àti òṣìṣẹ́ rélùwéè. Gẹ̀ẹ́sì ti wọ agbárí wọn kí bọ́ọ̀lù tó mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ní 1949, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbá bọ́ọ̀lù lójú òyìnbó láìwọ bàtà. Teslim Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà lára wọn. Nígbà tó di 1956, ó ti wọ ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn òmìnira, rédíò gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn àgbà tó wà níbí kò ní gbàgbé Ernest Okonkwo, kọmẹntétọ̀ tó máa ń fún agbábọ́ọ̀lù ní oríkì ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí di Mathematical, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà na Algeria ní ayò 3 sí òdo ní Sùúrùlérè, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn méjì ló gbá gbogbo ayò náà wọlé: Ọdẹ́gbàmí gbá 2, Múdà Lawal gbá 1. Orúkọ Múdà Lawal ló wà lára pápá ìṣeré Àṣẹ́rò l'Abẹ́òkúta títí di òní. Àgbẹ̀ tí kò wọ ilé-ìwé rí ń pe Mathematical bí ẹni tó jókòó nínú kíláàsì, torí pé ó ti gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ní 1992 ni wọ́n dá Premier League sílẹ̀. Nígbà tí àwo sátẹ́láìtì wá di ohun tí a ń rí káàkiri lórí òrùlé, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti wà níbẹ̀ ṣáájú kí àwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Efan Ekoku ti gbá ayò 4 wọlé fún Norwich lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n pàdé Everton ní 1993. Daniel Amokachi ti bá Everton gba ife FA ní 1995. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn á bá yín tọ́ka sí ni ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1999. Chelsea ti fi ayò 2 sí òdo ṣíwájú Arsenal. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn, Nwankwo Kanu nìkan gbá ayò 3 wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọdé tó nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ hátíríìkì fún òun. Bí nǹkan ṣe yí padà nìyẹn: Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀lù nígbà kan, bọ́ọ̀lù ló wá ń ṣílẹ̀kùn Gẹ̀ẹ́sì báyìí.

Lórí bẹ́ǹṣì

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fíúwìn sẹ́ńtà. Irú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Mówè sí Ọ̀fàdà níbí, ó wà l'Ówódé. Páànù ni wọ́n fi bò ó. Bẹ́ǹṣì onípákó ló tò lọ sẹ́yìn, tẹlifíṣọ̀n méjì wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Lẹ́nu ọ̀nà ni pátákó dúdú wà, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjì sí, pẹ̀lú aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àti owó ìwọlé. Nígbà mìíràn, Asernal ni wọ́n á kọ dípò Arsenal. Chelsea á di Chealse. Ọmọ tí kò fẹ́ẹ́ rí ìwé kíkà sójú nílé á dúró níwájú pátákó yìí, á fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kà á tán, nítorí ó ń fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká wọlé. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Láínsìmáàn gbé àsíá sókè. Kọmẹntétọ̀ sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wàràwàrà, ó sì ti kọjá síbòmíràn. Orí bẹ́ǹṣì ló kù:

"Ọfusáìdì kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ó wà lẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

"Àbúrò, jókòó. Ibi tó wà nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kọ́ là ń wò. Ibi tó wà nígbà tí wọ́n gbá a sí i ni."

"Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé kò dí gólí lójú ni? Interfering nìyẹn. Kò dìgbà tó bá fẹsẹ̀ kàn án."

Iṣẹ́ fọganáísà lè jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí. Kò sí ẹni tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Síbẹ̀, òfin kọkànlá nínú òfin bọ́ọ̀lù ló ṣàlàyé tán yẹn. Ó fi Yorùbá la ọ̀nà, ó wá fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo sí ibi tó yẹ ẹ́ gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àbúrò yẹn ni yóò máa fi ọ̀rọ̀ kan náà bá ẹlòmíràn jà. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá dí i lójú níwájú tẹlifíṣọ̀n: "Ò ń interfere o!" Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti bọ́ọ̀lù, ó ti di tirẹ̀.

Ìṣirò náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ 20, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, póíǹtì 3 fún ẹni tó bá borí, póíǹtì 1 fún ẹni tó bá ta ọ̀mì. Ní 2012, póíǹtì 89 ni Manchester City ní, 89 náà ni Manchester United ní. Ayò tí City gbá wọlé fi 64 ju èyí tí wọ́n jẹ lọ, ti United fi 56 jù ú lọ, City sì gba ife. Ọmọ tó wo ìdíje ọdún yẹn mọ ohun tí wọ́n ń pè ní goal difference dénú egungun. Tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì wà nísàlẹ̀ tábìlì, yóò mọ ohun tí mínọ́ọ̀sì túmọ̀ sí kí olùkọ́ ìṣirò tó dé orí rẹ̀.

Ìdí tó fi ń wọlé

Àwọn onímọ̀ ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Stephen Krashen, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, sọ pé èdè tó bá yé ni ló ń wọ ni lára, pàápàá èyí tó fi díẹ̀ ga ju ibi tí a dé lọ. Ó ní ìbẹ̀rù àti ìtìjú máa ń dí ọ̀nà rẹ̀. Merrill Swain ní ilẹ̀ Kánádà wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń fi èdè Faransé kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún pípẹ́. Ó rí i pé wọ́n ń gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n sísọ àti kíkọ wọn kò dé ibi tí gbígbọ́ wọn dé. Ó ní ẹni tó ń kọ́ èdè gbọ́dọ̀ máa la ẹnu sọ ọ́, kí ó sì máa ṣàtúnṣe bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ẹ fi ohun méjèèjì wo orí bẹ́ǹṣì yẹn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yé wọn nítorí ojú wọn ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń fi Yorùbá tú u palẹ̀. Ìtìjú kò sí, torí kò sẹ́ni tó ń gba máàkì. Ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún un pè. Ọmọ kan náà á dákẹ́ bí òkúta nínú kíláàsì, nítorí ẹ̀rín ibẹ̀ ní ìtìjú nínú.

Irú ìjókòó yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Nídìí ọpọ́n ayò ni àwọn bàbá wa ti kọ́ ọ. Ọ̀ta, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, wà níbẹ̀; Ọ̀pẹ, ẹni tí wọ́n ń na, wà níbẹ̀. Àwọn òǹwòran láǹfààní láti dá sí i, wọ́n á máa fi Ọ̀pẹ ṣẹ̀fẹ̀, Ọ̀pẹ á sì máa gbọ́n lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Ọ̀mì tí àwọn olóòtú eré ìdárayá ń pè lórí rédíò Yorùbá lónìí, láti ìdí ọpọ́n ló ti wá. Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi èébú àti àwàdà pín ìmọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, inú ilé wọn ni wọ́n ti bá a.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bọ́ọ̀lù ní oògùn Gẹ̀ẹ́sì kan lára. Ẹ kọjá ẹnubodè lọ sí Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Benin. Yorùbá ni wọ́n, ìdíje kan náà ni wọ́n ń wò, Faransé ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Faransé ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wọn ń kún fún. Èdè tí tẹlifíṣọ̀n bá ń sọ ló ń jáde lórí bẹ́ǹṣì. Ohun tí kò yí padà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni Yorùbá tí wọ́n fi ń jiyàn.

Ohun tí Fáfúnwá ti sọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ tó gba ọ̀nà yìí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ya àwọn kan lẹ́nu. Kò yẹ kó ya ẹni tó bá ti jókòó sí fíúwìn sẹ́ńtà lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. N kò wá bá ìjọba jà lórí àga yìí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣe ìdánwò tiwọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí Yorùbá ti ń ṣàlàyé ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń dúró. Bí olùkọ́ bá gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, kò sí òfin tó ní kí ó má jẹ́ kí ọmọ fi Yorùbá jiyàn ohun tó gbọ́ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Òkúta inú ìrẹsì

A kì í se ìrẹsì Ọ̀fàdà láìṣa òkúta inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú bọ́ọ̀lù náà ní òkúta tirẹ̀, mo sì fẹ́ ṣa mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni kíkọ. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù geere lè má lè kọ gbólóhùn márùn-ún tó tọ̀nà nípa rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: àròkọ, àkàyé, àti kíkékúrú ọ̀rọ̀. Ariwo kò gba máàkì níbẹ̀.

Ìkejì farapamọ́ díẹ̀. Kọmẹntétọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ní ti Yorùbá, a ní "ó gbá a wọlé", ì báà jẹ́ ìsinsìnyí tàbí ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ á ní scores bó bá ń ṣẹlẹ̀ lójú wa, á sì ní scored bó bá ti kọjá. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹnu kọmẹntétọ̀ nìkan ló ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa kọ ìtàn àná bí ohun òní. Àwọn olùkọ́ tó ń yẹ ìwé àròkọ wò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìkẹta ni àwọn ọmọbìnrin wa. Ọkùnrin ló kún orí bẹ́ǹṣì yẹn. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń jiyàn, ọmọbìnrin ń fọ abọ́. Bẹ́ẹ̀ Asisat Oshoala, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Ìkòròdú, ti gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool, fún Arsenal, àti fún Barcelona. Bí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù bá jẹ́ ilé-ìwé bí mo ṣe wí, a ti ti ìdajì àwọn ọmọ wa mọ́ ìta.

Ìkẹrin ni tẹ́tẹ́. Kò jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, nígbà mìíràn abẹ́ páànù kan náà ni wọ́n wà. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ kún fún Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò: straight win, over 2.5, odds. Ọmọ lè kọ́ gbogbo rẹ̀ kó sì ná owó ilé-ìwé síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tó ni ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sún mọ́ tábìlì yẹn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ jiyàn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Sátidé ní Yorùbá, kí ẹni tó wò ó ṣàlàyé fún ẹni tí kò wò ó. Ẹ jẹ́ kí ariwo díẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n lò sójú pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe rí nígbà tí ohun náà bá ti kọjá. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìròyìn náà, gbólóhùn márùn-ún péré. Ẹ wá gbé ìròyìn inú ìwé ìròyìn tàbí ti orí fóònù síwájú wọn, kí wọ́n fi tiwọn wé e. British Council àti Premier League náà ti mọ̀ pé ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́: láti 2007 ni wọ́n ti jọ ń ṣe ètò Premier Skills, wọ́n sì ti fi bọ́ọ̀lù ṣe ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè lò ó. Ìjiyàn Yorùbá tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni wọn ò lè bá yín ṣe láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin tó ni fíúwìn sẹ́ńtà, pátákó yín ni ìwé tí wọ́n ń kà jù ní àdúgbò. Ẹ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ bó ṣe tọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá parí, ẹ má kọ iye ayò nìkan, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa bó ṣe lọ. Ẹ fún ọmọ ilé-ìwé kan ní ṣọ́ọ̀kì kó kọ ọ́, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe rẹ̀ tún un ṣe níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ sì ya bẹ́ǹṣì kan sọ́tọ̀ níwájú fún àwọn ọmọbìnrin àti ìyá wọn, pàápàá lọ́jọ́ tí Super Falcons, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, bá ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá ti ibẹ̀ dé, ẹ má fi igi kí i káàbọ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe lọ. Ẹ ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó sùn. Tí kò bá lè kọ ọ́, ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí nìyẹn. Ọ̀nà tí ìwé àti bọ́ọ̀lù fi ń jọ rìn kò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọdẹ́gbàmí kàwé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tó so méjèèjì pọ̀ sílẹ̀ ní Wásinmi, kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ máa jiyàn yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Yorùbá tí ẹ fi ń jiyàn ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì yín jẹ́, torí òun ló gbé e wá fún yín. Àmọ́ ẹni tó bá borí nínú àríyànjiyàn lóru Sátidé, tí kò lè kọ ìwé ìwáṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìdajì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló gbá. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ gègé. Ẹ gbá a.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi mí, kó sì bi mí ní èdè tó bá wù ú.